Legoland, Paultons tàbí Chessington: èwo ni kí ìyá àgbà mú ọmọ-ọmọ lọ?

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọkọ mi kékeré, ọmọkùnrin tí ọmọ mi obìnrin bí, ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí mo ti Ìbàdàn wá bá wọn ní Thamesmead, ní London, nítorí àbúrò rẹ̀ tó wà nínú oyún. Lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí ọgbà ìṣeré kan tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀." Mo ní, "Ó ti yá, ọkọ mi." Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ibi tó jẹ́ ọdún lójú ọmọ ọdún mẹ́ta lè jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn fún ẹni tó ń mú un kiri.

Láti ìgbà náà, nínú lílọ àti bíbọ̀ mi, mo ti mú un dé mẹ́ta nínú àwọn ọgbà tí ará London sábà máa ń kó ọmọ lọ: Legoland, Paultons Park àti Chessington World of Adventures. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi wé ara wọn, nítorí ẹni tó bá wà nípò mi: ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí òbí ọmọ náà sì wà níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ẹ̀rọ da orí yín kodò lójú ọ̀run, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá bi àwọn ọmọ yín pé ọgbà wo ló dára jù, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún jù ni wọ́n máa dá. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ wọn ọmọ náà, kí ẹ sì bi orúnkún yín léèrè.

Ibi tí wọ́n jẹ́

Legoland wà ní Windsor, ìlú tí ọ̀kan nínú àwọn ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì wà. Bíríkì oníke kéékèèké tí àwọn ọmọ fi ń kọ́lé, èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru tí a ó sì ki ìka bọ ẹnu ká má baà jí ọmọ, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé gbogbo ọgbà náà kà. Billund ní Denmark ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, lọ́dún 1968. Ti Windsor ṣí lóṣù kẹta ọdún 1996, lórí ilẹ̀ ọgbà ẹranko kan tó kógbá sílé ní 1992.

Paultons wà ní Ower, lẹ́bàá ìlú Romsey ní Hampshire, létí igbó New Forest. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, ìdílé kan ló sì ni ín títí dòní. Apá ibẹ̀ tí gbogbo ọmọ kékeré mọ̀ ni Peppa Pig World, tí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ inú eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2011.

Chessington ló dàgbà jù. Ọgbà ẹranko ni láti 1931. Ọdún 1987 ni wọ́n tó kó àwọn ẹ̀rọ tí à ń gùn, ìyẹn ráìdì, wọ inú rẹ̀. Àwọn ẹranko ò kúrò níbẹ̀, mo sì máa padà sórí ọ̀rọ̀ wọn, torí àwọn ni mo fẹ́ràn jù.

| | Legoland | Paultons | Chessington |
|---|---|---|---|
| Ọmọ tó ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ | kò tó sẹ̀ǹtímítà 90 | kò tó mítà 1 | kò tó sẹ̀ǹtímítà 90 |
| Láti London láìsí mọ́tò | rélùwéè, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì | ó le | rélùwéè kan ṣoṣo láti Waterloo |
| Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí | ẹ máa san | ọ̀fẹ́ ni | ẹ máa san |
| Bí ilẹ̀ ṣe rí | gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè | ó tẹ́jú | ó tẹ́jú níwọ̀nba |
| Ọjọ́ orí tó bá a mu lójú tèmi | ọdún 5 sókè | ọdún 1 àtààbọ̀ sí 4 | ọdún 3 sí 6 |

Iléeṣẹ́ kan náà, Merlin, ló ń darí Legoland àti Chessington. Ìdí nìyẹn tí páàsì ọlọ́dọọdún wọn fi ń wọ ọgbà méjèèjì. Paultons kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀pá ìwọ̀n tó wà lẹ́nu ìlà

Bí ẹ ò bá ka ibòmíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ibí. Ní gbogbo ọgbà wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó lè gun ráìdì, bí kò ṣe gíga. Wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́ ẹnu ìlà, wọ́n sàmì sí i. Bí orí ọmọ kò bá kan àmì náà, ẹkún ọmọ kò lè yí i padà, ẹ̀bẹ̀ àgbà pàápàá kò lè yí i padà.

Ọmọ ọdún méjì sábà máa ń ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 87, ọlọ́dún mẹ́ta nǹkan bíi 95, ọlọ́dún mẹ́rin nǹkan bíi 103. Àwọn kan ga jù bẹ́ẹ̀, àwọn kan kúrú jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi wé tábìlì òkè yẹn. Ọ̀fẹ́ ti sẹ̀ǹtímítà 90 ti máa tán lára ọmọ kí ó tó pé ọdún méjì àtààbọ̀. Ọ̀fẹ́ ti mítà 1 lè gbé e dé ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Nítorí náà, ọmọ ọdún mẹ́ta á san owó ní Legoland àti ní Chessington, wọ́n á sì tún dá a padà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ráìdì. Ọmọ yìí kan náà á wọ Paultons lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ráìdì 9 tó wà ní Peppa Pig World, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò béèrè gíga kankan tí àgbà bá ti jókòó tì í. Nígbà tí ìṣirò yìí yé mi, mo pe ọmọ mi lórí fóònù níbi iṣẹ́, mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ó ní òun náà ò mọ̀.

Ojú mi rí i kí n tó mọ̀. Ọgbà tó ṣẹlẹ̀ sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹ̀bi tèmi ni. A tò sórí ìlà fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ń kọrin, mo ń pàlọ́, mo fi bisikíìtì tán an, kí ó má baà bú sẹ́kún. Nígbà tí ó kàn wá lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọ̀pá wá, orí ọkọ mi sì fi ìka méjì din sí àmì náà. Ọmọ yìí ké bí ẹni tí wọ́n gba ogún bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe pẹ̀lẹ́ o, ó ń bẹ̀ wá, ó sì ń pè mí ní "Nan". Mo wo ẹ̀yìn mi, mo rò pé ẹlòmíràn ló ń pè. Ilé ni mo ti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ara férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo ti ń wọn ọmọ pẹ̀lú pẹ́ńsù, bàtà tó máa wọ̀ lọ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ọgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ gíga tí ráìdì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń da àwọn tí ó lè gùn kọ sínú ìwé kékeré, àwọn tí kò lè gùn, mi ò ní gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá rárá bí mo bá rí ọ̀nà yí ká. Ojú tí kò rí nǹkan, ọkàn rẹ̀ kì í fà sí i.

Ọ̀rọ̀ gíga yìí tún ní apá kejì tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Tí wọ́n bá ní ọmọ kúkúrú lè gun ráìdì kan tí àgbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, àgbà náà ni ẹ̀yin! Ẹ̀yin lẹ máa ki ẹsẹ̀ bọ ọkọ̀ kóńkóló, tí orúnkún yín máa wà lábẹ́ àgbọ̀n. Àwọn tó wà ní Peppa Pig World rọra ń lọ, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tàbí tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru fún, kó ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ráìdì kọ̀ọ̀kan kó tó jókòó sínú rẹ̀.

Ọ̀nà

Bí kò bá sí mọ́tò, Chessington ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo, ẹ sọ̀ ní Chessington South. Ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn ni, ọkọ̀ ò lè gbé yín kọjá bí oorun tilẹ̀ gbé yín lọ. Láti ibẹ̀, ìrìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Sóònù 6 ni, inú London náà ni wọ́n kà á sí, nítorí náà káàdì Oyster tàbí ti báńkì tó láti san owó ọkọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í san owó rélùwéè.

Àna mi tó ti ń gbé Peckham láti ọjọ́ pípẹ́ kì í san kọ́bọ̀, torí ó ní Freedom Pass, káàdì tí wọ́n ń fún ará London tó ti pé nǹkan bíi ọdún 66, tó kàn jẹ́ pé ní ọjọ́ iṣẹ́ ó gbọ́dọ̀ dúró di agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ kó tó fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwa tí a wá kí ọmọ, tí a ò gbé ibẹ̀, kò sí èyí fún wa. Mo fi ewú orí mi hàn wọ́n títí, wọn ò gbà.

Ọ̀nà méjì ló dé Windsor. Ọ̀kan gba Waterloo lọ tààrà sí Windsor & Eton Riverside, nǹkan bíi wákàtí kan. Èkejì gba Paddington dé Slough, ẹ ó wá wọ ọkọ̀ kékeré kan fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà dé Windsor & Eton Central. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, ẹ ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì láti àárín ìlú kí ẹ tó dé Legoland. Ní tèmi, gbígbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sọ̀kalẹ̀, gbígbé e gòkè, gbígbé e sọ̀kalẹ̀, ó ti rẹ̀ mí kí n tó fojú kan bíríkì kan ṣoṣo. Ọ̀nà Waterloo ni kí ẹ gbà, torí ẹ ò ní pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin.

Paultons ni ọ̀nà rẹ̀ jìn jù. Pẹ̀lú mọ́tò láti London, nǹkan bíi wákàtí méjì ni bí kò bá sí gosiló: M3, lẹ́yìn náà M27, kí ẹ yà ní ìkóríta kejì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè lè dé Southampton, àmọ́ ó ṣì ku ibi tí takisí tàbí bọ́ọ̀sì máa gbé e dé. Mi ò ní gba ìyá àgbà kankan níyànjú pé kí òun nìkan fi rélùwéè gbé ọmọ ọdún méjì lọ síbẹ̀ kó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ ọmọ mi ló gbé wa lọ, ó gbàyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀, ó sì sùn sórí bẹ́ǹṣì ju ọmọ lọ.

Òkè Legoland

Ẹnu ọ̀nà Legoland wà lórí òkè. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ ó máa wo ààfin Windsor lọ́ọ̀ọ́kán, atẹ́gùn á máa fẹ́, ẹ ó ní ayé dára. Ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo àárọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè nírọ̀lẹ́, lásìkò tí ọmọ ti sùn nínú kẹ̀kẹ́, tí àpò ti wúwo sí i, tí ẹsẹ̀ ti wú nínú bàtà. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ń gbé èèyàn gòkè sọ̀kalẹ̀, Hill Train ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ṣe wọlé báyìí, ẹ bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ fà yín lọ sísàlẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi tó jìn jù, kí ẹ máa ṣe é bọ̀ wá sókè díẹ̀díẹ̀, dípò kí ẹ fi gbogbo òkè yẹn ṣe àṣekágbá.

Kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa ṣá. Miniland tó wà níbẹ̀ wú mi lórí. Nǹkan bíi 40 mílíọ̀nù bíríkì ni wọ́n fi mọ àwọn ilé àti ìlú kéékèèké síbẹ̀, London pẹ̀lú afárá rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń rìn, ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá. Èmi ni mo fẹ́ dúró, ọkọ mi ló ń fà mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò bìkítà fún ohun tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Duplo Valley ló mọ̀, ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn kéékèèké, tí omi ń tú jáde nítòsí rẹ̀. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání.

Ohun tí mo rántí jù ní Legoland ni ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀. Mọ́tò kékeré oníná ni, ọmọ nìkan ló ń wà á, lójú ọ̀nà tó ní iná adáríọkọ̀ àti oríta. Ọ̀kan wà fún ọmọ ọdún 3 sí 5, èkejì wà fún ọmọ ọdún 6 sí 13. Àgbà ò lè wọ inú rẹ̀. Ẹ ó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ẹ ó máa juwọ́, ẹ ó máa ya fọ́tò. Nígbà tí a lọ, ọkọ mi bẹ̀rù, ó dúró sáàrin ọ̀nà, ó dá gosiló sílẹ̀ bí ti Ọjọ́ọta, àwọn ọmọ yòókù ń gbá a nídìí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ò gbọ́ àṣẹ tán, kò tíì tó o. Ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́fà tí mo rí níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń ṣe bí ọ̀gá. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi Legoland pamọ́ de ìgbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀ Paultons tẹ́jú ní tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ń yí lọ geere, bẹ́ǹṣì pọ̀, òdòdó sì wà káàkiri. Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀ tí àgbà lè jókòó máa wò: flamingo elẹ́sẹ̀ gígùn, penguin, àtàwọn mìíràn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti sinmi lójú ọ̀sán gangan. Àgbà wà lọ́jà o, orí ọmọ tuntun sì wọ́ nínú kẹ̀kẹ́, torí àgbà náà ti ń hanrun.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan, Àlhájà, ní òun ò lè gbé ọmọ-ọmọ òun lọ sílé ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ inú àwòrán ni, ẹnikẹ́ni ò ní kó máa jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe máa gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Ó lọ nígbẹ̀yìn, nítorí ọmọ náà ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí wa, ti ẹyẹ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ní ìṣòro yẹn á rí i pé ẹbí ẹlẹ́dẹ̀ yìí dìídì ní bàbá àgbà àti ìyá àgbà nínú. Bàbá àgbà wọn ló ni ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé ọmọ yí ọgbà ká. Ráìdì náà rọra ń lọ bí ẹni ń sinmi, orí rẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀rín ọkọ mi jọ ti bàbá àgbà rẹ̀ tó kù sí Ìbàdàn.

Ẹranko Chessington, àti èdè wa

Mo ti sọ pé mo máa padà síbí. Mi ò ṣiyèméjì: bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo ń yàn, Chessington ni mo máa yàn. Lórí ráìdì, èmi àti ọmọ-ọmọ mi kì í bára wa sọ nǹkan kan, igbe là ń ké, igbe ò sì ní èdè. Níwájú ilé ẹranko, a máa ń dúró, a máa ń sọ̀rọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí ń sọ lójoojúmọ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ tó ń lọ. Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti yó" lọ. Níwájú gorilla tó wà ní Chessington, mo ní, "Ìnàkí nìyí." Ó wò ó. Ìnàkí náà wo òun náà. Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ìnàkí ti yó?" Mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tó dá ṣe fúnra rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àkọ́sórí.

Kìnnìún òkun tó wà níbẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀: ó ní kò jọ kìnnìún, irun orí rẹ̀ dà? Ti tiger tún le jù. Ẹkùn ni mo pè é, àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rántí pé ẹkùn tiwa, àmì tóótòòtó ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ilà gbọọrọ. Mo yanjú rẹ̀ sí "ẹkùn onílà". Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ má fìyà jẹ mí.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti mú ìyá ọmọ yìí lọ nígbà tí òun náà wà ní kékeré. Ọdún 1948 ni wọ́n ti kó ẹranko díẹ̀ jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Nígbà tí mo rán fọ́tò ìnàkí Chessington sí ọmọ mi níbi iṣẹ́, èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé òun ṣì ń rántí òórùn ti UI.

Ní ti ráìdì, Chessington ní àwọn kéékèèké fún àwọn ọmọ, ó sì tún ní àwọn ńlá tó ń da orí kodò. Àwọn ńlá yìí ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ariwo wọn lè dẹ́rù ba ọmọ ọdún méjì. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹranko láàárọ̀, kí èrò tó dé.

Ọjọ́, oúnjẹ, owó

Ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé ní àǹfààní kan: ó lè lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wà ní kíláàsì. Ẹ má lọ nígbà ìsinmi ilé-ìwé wọn, pàápàá láti ìparí oṣù keje dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ọgbà náà kí ẹ tó jáde nílé. Legoland, bí àpẹẹrẹ, láti àárín oṣù kẹta dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ló sábà máa ń ṣí, àwọn ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ kan sì wà tó ń tì pa.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó dínwó ju ti ẹnu ọ̀nà lọ. Ohun tó dùn mí ni pé àgbà tó kàn wá di àpò mú ń sanwó bí ẹni tó wá gun gbogbo ráìdì. Ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè dúró lórí ìlà lè béèrè fún páàsì tó ń dín ìdúró kù, àmọ́ ó ní láti tọrọ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ọjọ́ ogbó nìkan kọ́ ni wọ́n ń pè ní àìlera.

Ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Ọgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á. Wọ́n lè yẹ àpò yín wò lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ mọ́ínmọ́ín kọ́ ni wọ́n ń wá. Jọ́lọ́ọ̀fù inú fúláàsì ṣì gbóná lágogo méjì ọ̀sán. Ẹ mú aṣọ òjò, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Èmi á yàn báyìí

Ọmọ tí kò tíì tó mítà 1, tí ẹnìkan sì wà tó máa wakọ̀: Paultons, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún dára fún ilé tí ẹ̀gbọ́n wà, torí lẹ́yìn Peppa Pig, ibi tí wọ́n fi dainosọ̀ ṣe wà níbẹ̀ láti 2016, wọ́n sì tún ṣí Tornado Springs ní 2021 fún àwọn tó ti ń dàgbà.

Ẹ̀yin àti ọmọ nìkan, láìsí mọ́tò: Chessington. Bó bá rẹ̀ yín lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ọkọ̀ ojú irin kan ló máa gbé yín padà sí Waterloo.

Ọmọ ọdún márùn-ún sókè tó ń kọ́ bíríkì nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀: Legoland, tí orúnkún bá gbà, tí àgbà kejì bá sì wà tó lè ti kẹ̀kẹ́ gòkè.

Ọkọ mi ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 104 báyìí lára férémù ilẹ̀kùn. Ọ̀fẹ́ Paultons ti tán lára rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ló sì máa wọ ilé-ìwé. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Legoland fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà, torí ó lóun fẹ́ padà lọ wa mọ́tò yẹn, òun ò ní dúró sáàrin ọ̀nà mọ́. Ó bi mí bóyá èmi ní láísẹ́ǹsì. Mo ní mo ti fi Volkswagen alájàpá rin Ìbàdàn sí Iléṣà kí ìyá rẹ̀ tó dáyé. Ó ronú sí i, ó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá àgbà, ẹ ò ga jù fún un?"